Ìyókù Ẹ̀rí Mi ní Etíkun

  

Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín wá bá mi. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ìdílé jọ lọ sí etíkun ní ọjọ́ Gálílì, ìyẹn ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé Àjíǹde. Wọ́n ti ṣírò owó bọ́ọ̀sì, wọ́n ti ṣírò owó oúnjẹ, wọ́n sì ti mọ ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n gbàdúrà sí i, kí n sì dá owó díẹ̀. Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ?" Wọ́n wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, gbogbo wa ni!"

Ìdáhùn yẹn ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. "Gbogbo wa" ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ èmi fúnra mi.

Ní ọjọ́ Gálílì ọdún 2009, bọ́ọ̀sì méjì ni ìjọ tí mo ń bójú tó nígbà náà gbà. A gba Ẹ̀pẹ́, a ti ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀nà Lẹ́kì, títí a fi dé ọ̀kan nínú àwọn etíkun tí ó wà ní agbègbè yẹn. Kí a tó gbéra, mo gbàdúrà tí ó gùn. Mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọ̀nà, mo fi bo táyà, mo fi bo awakọ̀. Mo dè gbogbo ẹ̀mí omi. Àmín tí àwọn ènìyàn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé bọ́ọ̀sì kúrò. Ṣùgbọ́n n kò rántí láti ka iye ọmọ tí ó wà nínú ọkọ̀.

Ẹ kúkú mọ àwa Ìjẹ̀bú, a kì í fi àríyá ṣeré. Ìkọ́kọrẹ́ wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti kúlà tí ó kún fún kóòkì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ń bu oúnjẹ fún àwọn ènìyàn. Èmi àti díákónì àgbà kan jókòó lábẹ́ kánópì, à ń sọ̀rọ̀ lórí páànù tí a fẹ́ fi bo ilé ìsìn wa. Ọmọbìnrin wa kejì jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà náà. Èmi rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ó wà pẹ̀lú àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn tíṣà ní tiwọn rò pé kò sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ Pásítọ̀ nígbà tí Pásítọ̀ wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí ó ń ta àgbọn ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó figbe ta pé, "Ta ló lọmọ yẹn o?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àárín àwọn ènìyàn, mo ń wá ẹni tí ó lọmọ. Mo tilẹ̀ ń bínú sí onítọ̀hún nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé irú òbí wo nìyí. Ìgbà tí mo rí aṣọ pupa tí ó wà nínú omi ni mo tó mọ̀ pé èmi ni òbí náà.

Bọ́ọ̀lù ni ó lé dé etí omi. Ìgbì kan gbá a ní orúnkún, ó ṣubú. Bí ìgbì náà ti ń padà, ó wọ́ yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wọ́ òun náà lọ. Kò pariwo. Kò pe Dádì, kò pe Mọ́mì. Orí rẹ̀ ń rì, ó ń jáde, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo sáré dé etí omi, mo sì dúró bí igi, nítorí n kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọmọkùnrin kan tí ó ń fi ẹṣin gbé àwọn ènìyàn kiri létí òkun ni Ọlọ́run lò. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó já tíúbù táyà gbà lọ́wọ́ ẹnìkan, ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó wọ omi. Nígbà tí ó gbé e jáde, díákónì wa kan ti di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó fẹ́ gbé e sorí kodò kí omi lè dà jáde. Ọmọkùnrin náà kígbe mọ́ ọn pé, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá! Ẹ jẹ́ kó mí!" Ọmọ náà wúkọ́, ó bì, ó sunkún. N kò tíì gbọ́ orin kan nínú ilé Ọlọ́run tí ó dùn létí mi tó ẹkún yẹn. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣọ́ ọ mọ́jú.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo jẹ́rìí. Mo sọ bí ọ̀tá ti gbìyànjú tó, àti bí Ọlọ́run ti dójú tì í. Ìjọ jó, wọ́n yí mi ká. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, "Dádì wọn, ẹ ti sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ẹ kò sọ ohun tí àwa kò ṣe."

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyókù ẹ̀rí yìí ti wà lọ́rùn mi bí gbèsè. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó sì tọ́ kí n san án.

ỌMỌ TÍ GBOGBO ÈNÌYÀN Ń WÒ

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Òótọ́ ni. Nínú agboolé, bí ọmọ bá jáde, ìyá kan yóò bi í pé níbo ni ó ń lọ. Bí ó bá gun igi, bàbá kan yóò ní kí ó sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú agboolé, àyè wà láti ké sí ọmọ kí ewu tó dé bá a. Òkun kì í fún ni láyè bẹ́ẹ̀. Ní etíkun, ẹnìkínní gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkejì, ẹnìkejì gbẹ́kẹ̀ lé ẹnìkẹta, títí igba ojú yóò fi di aláìríran. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, nínú gbogbo wa tí a wà lábẹ́ kánópì, kò sí ẹnìkan tí ó kọjú sí omi. Ìyá alágbọn tí kò mọ orúkọ wa nìkan ni ó ń wò ó.

Bẹ́ẹ̀ a mọ ohun tí ó yẹ. Nígbà Òjúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn regbẹ́regbẹ́ bá ń jáde pẹ̀lú aṣọ àti ẹṣin, ta ni ìyá tí yóò fi ọmọ ọdún 5 sílẹ̀ láàárín èrò, tí yóò sọ pé àwọn èrò yóò bá òun wò ó? Ọrùn ọwọ́ ọmọ ni yóò dì mú. Ohun tí a kò lè ṣe níwájú ẹṣin, kí ló dé tí a fi ń ṣe é níwájú òkun?

Ẹ tún wo Jósẹ́fù àti Màríà nínú ìwé Lúùkù orí kejì. Wọ́n ń ti Jerúsálẹ́mù bọ̀ láti ibi àjọ, Jésù sì jẹ́ ọmọ ọdún 12. Wọ́n rò pé ó wà láàárín èrò tí wọ́n jọ ń rìn, wọ́n sì rin odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó wá a. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i nínú tẹ́ḿpìlì. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ohun tí Jésù ń bá àwọn olùkọ́ sọ ni a fi gbogbo àkókò wa gbé yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí ó bi wá pé báwo ni òbí méjì tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run ti ṣe rin ọjọ́ kan láìmọ ibi tí ọmọ wọn wà. Èmi mọ̀ ọ́n nísinsìnyí. Olúkúlùkù wọn rò pé ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ OMI NÁÀ?

Bí omi bá gbé ọmọ, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀mí omi ni, pé màmí-wọ́tà ni. Pẹ́ńtíkọ́sì ni mí, n kò sọ pé ẹ̀mí burúkú kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́ ọmọ mi lọ ní àlàyé tí ọmọ iléèwé lè lóye. Bí ìgbì bá ti gbé omi wá sí èbúté, omi náà gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń wá àlàfo láàárín òkìtì yanrìn tí ó wà lábẹ́ omi, yóò sì gba ibẹ̀ padà bí odò tóóró tí ó ń sáré wọ inú òkun lọ. Nígbà mìíràn ó lè yára ju ẹni tí ó ń díje níbi ìlúwẹ̀ẹ́ Òlíḿpíìkì lọ. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé ojú ibẹ̀ sábà máa ń parọ́rọ́, ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni òbí aláìmọ̀ yóò yàn fún ọmọ rẹ̀.

Òkun Àtìláńtíìkì tí ó kọjú sí Lẹ́kì àti Ìbẹ̀jú kò ní ohun tí ó dí i lọ́nà. Tarkwa Bay, tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tutù díẹ̀ ju ìyókù lọ, nítorí pé odi òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín ọdún 1908 sí 1912 ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìgbì. Ibi tí irú odi bẹ́ẹ̀ kò sí, gbogbo agbára òkun ni ó ń bọ̀ wá bá wa. Nígbà òjò ni ìgbì sì máa ń le jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ru wọ etíkun Kúrámò ní Victoria Island, ó gbé ilé pákó lọ, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn wọ̀nyẹn kò tilẹ̀ lọ bá òkun nínú omi; òun ni ó wá bá wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní òun mọ odò í wẹ̀. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣe òkun. Harold Holt jẹ́ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹni tí ó fẹ́ràn òkun púpọ̀, tí ó sì máa ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ déédéé. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1967, ó wọ omi ní Cheviot Beach níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọn kò rí i mọ́, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ títí di òní. Bí òkun bá lè gbé olórí ìjọba tí ó mọ ìwẹ̀, kí ni ọmọ wa láti Ìjẹ̀bú-Òde tí kò rí ju omi garawa lọ yóò ṣe?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí 300,000 ènìyàn ni omi pa káàkiri ayé ní ọdún 2021, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin wọn tí ó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Nínú ọdún 2021 kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 25 oṣù keje sọ́tọ̀, kí a lè máa rán ara wa létí pé ikú yìí ṣeé dènà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn: ó ṣeé dènà.

ÌGBÁTÍ ÒRÙLÉ

Nínú ìwé Diutarónómì orí kejìlélógún, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lọ́rùn ilé náà. Kò sọ pé kí wọ́n gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má ṣubú, kí wọ́n sì fi òrùlé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbátí ni ó ní kí wọ́n ṣe. Ẹ wò ó, ní ọjọ́ tí òkun wọ́ ọmọ mi, òrùlé ni èmi náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́ kánópì! Mo ń wá páànù fún ilé Ọlọ́run, n kò sì ṣe ìgbátí fún ọmọ tí Ọlọ́run fi fún mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etíkun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìgbátí wọ̀nyí kí ẹ tó kúrò nílé:

1. Ẹ yan olùṣọ́ ní orúkọ. Kí àgbàlagbà kan máa wo ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹlòmíràn tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní fìlà pupa kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́dọ̀ jẹun, kò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù. Bí a bá tilẹ̀ ń gbàdúrà, òun kò ní pa ojú dé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ olùṣọ́ ti lè tó o.

2. Kí ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ etíkun pé níbo ni omi ti máa ń fa ènìyàn. Bí wọ́n bá ta àsíá pupa, tàbí tí wọ́n ní òkun ń bínú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi yanrìn ṣeré níbi tí ó jìnnà sí omi.

3. Ẹ wọ aṣọ tí ó tàn yòò fún wọn, bí i pupa tàbí àwọ̀ ọsàn. Aṣọ búlúù tàbí funfun máa ń sọnù nínú òkun àti ìfófòó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ óò wọ ọkọ̀ ojú omi, kí olúkúlùkù wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì tí ó bá ara rẹ̀ mu. Tíúbù táyà kì í ṣe olùṣọ́. Ìgbì lè já a gbà lọ́wọ́ ọmọ.

4. Ẹ ka àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ kà wọ́n bí ẹ bá ti dé, ẹ kà wọ́n kí a tó bu oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì kà wọ́n kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ.

5. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ nílé pé bí omi bá ń fà wọ́n lọ, kí wọ́n má ṣe bá a jà láti padà tààrà. Kí wọ́n dojú sókè, kí wọ́n léfòó, kí wọ́n na ọwọ́ kan sókè. Ẹni tí ó bá lè lúwẹ̀ẹ́, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, bí ẹni tí ó ń bá etíkun rìn, títí yóò fi bọ́ nínú ibi tí omi ti ń fà, kí ó tó kọjú sí èbúté. Ìdí nìyí tí ọmọkùnrin ẹlẹ́ṣin fi kọ́kọ́ sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́.

6. Bí ẹ kò bá mọ ìwẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ sínú omi. Òkú méjì kò sàn ju ọ̀kan lọ. Ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, okùn, tàbí ìró tí a so pọ̀ sí i. Ní Èkó, ẹ pe 112 tàbí 767. Ẹ má retí kí ọmọ tí ó ń rì kígbe. Ẹni tí kò rí èémí kò lè kígbe.

7. Bí a bá gbé e jáde, ẹ má ṣe gbé e sorí kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀. Bí ó bá ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ó le, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí imú rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí márùn-ún sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, ẹ fẹ́ èémí méjì, ẹ má sì dúró títí ìrànwọ́ yóò fi dé. Bí ó bá tilẹ̀ dìde tí ó ní kò sí nǹkan tí ó ṣe òun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n mú ìwé wọn padà lọ, wọ́n sì tún un kọ. Nígbà tí wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti fa ìlà tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ owó oúnjẹ, wọ́n kọ "Olùṣọ́" sí orí rẹ̀. Mo gba báírò, mo kọ orúkọ tèmi sí àkọ́kọ́, láti agogo 10 sí agogo 10 ààbọ̀. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ojú mi yóò wà lára omi.

Ọmọbìnrin wa náà wà nílé ní ọjọ́ yẹn. Ó ti dàgbà, ó sì ti kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó wo ìwé náà láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Dádì, ẹ fi orúkọ mi tẹ̀lé tiyín." Mo kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ìyókù ẹ̀rí náà.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Alákàn sì ni ó mọ etíkun ju gbogbo wa lọ. Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò bá wa pa àwọn ọmọ wa mọ́, kò ní jẹ́ kí a ṣọ̀fọ̀ wọn. Kí àwa náà má sì tòògbé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.